Àpótí Mẹ́fà Létí Aṣọ Ìyá Mi

Sọlúṣọ̀n tí wọ́n tà fún mi láàárọ̀ yìí kò lẹ̀ mọ́ nǹkan kan àfi àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún mi. Mo fi lẹ tíúbù ọ̀kadà kan lẹ́ẹ̀mẹta, ó ṣí lẹ́ẹ̀mẹta. Àmọ́ èyí tó kán sí mi lọ́wọ́, mo fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, mo fi ọ̀bẹ ha á, ó dúró síbẹ̀ bí ẹni pé èmi àti òun jọ ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tí mo bá gbé àtàǹpàkò náà lé fóònù mi pé kó ṣí, fóònù á ní òun ò mọ̀ mí rí. Gbogbo abẹ́ àtíbàbà mi kún fún òórùn rọ́bà tó jóná, òórùn tí gbogbo ẹni tó bá ń ti Kábà lọ sí ọ̀nà Ìyàrá máa ń gbọ́ kí wọ́n tó rí mi. Oníbàárà mi jókòó sórí táyà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Fọkanáísà, fóònù ẹ ti lé ẹ jáde." Mo ní kì í ṣe òun ló máa kọ́kọ́ lé mi jáde. Ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Ìwọ tó o mọ̀ mí, o mọ̀ pé àtàǹpàkò yìí kan náà ló jẹ́ kí wọ́n yọ mí nínú gúrúùpù ìlú wa lórí Wasáàpù, àti pé títí di òní mi ò tíì bẹ ẹnikẹ́ni.

Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ rí, torí náà jẹ́ n sọ ọ́. Kó o má baà rò pé ìwé ló kó sí mi lórí, jẹ́ n rán ẹ létí pé kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo dé. Mo máa ń sọ fáwọn èèyàn pé bàbá mi ló kú tí mi ò fi ka ìwé tán. Òótọ́ ni pé bàbá mi kú. Ohun tí mi ò kì í fi kún un ni pé ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ló tó kú. Ìwé ò wọ orí mi ni. Àmọ́ mo fẹ́ràn lẹ́tà. Mi ò fẹ́ràn kí n máa kà á, mo kàn fẹ́ràn kí n máa wò ó. Ara ògiri àtíbàbà mi, èmi ni mo fi ọ̀dà funfun kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀, tí ìrù lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ká bí ìrù ajá. Ẹnì kan sọ fún mi nígbà kan pé òun ò mọ̀ pé iṣẹ́ táyà ni mò ń ṣe, òun rò pé ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ni.

Ìgbà òjò ni, ọ̀kadà tó gbé kọ́pà kan jò ní iwájú mi. Obìnrin ni kọ́pà náà, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé nítòsí wa níbí. Bí mo ṣe ń tú táyà, ó dúró sábẹ́ àtíbàbà, ó ń tẹ fóònù. Mo yọjú wò ó, torí pé mi ò ní ìtìjú. Ohun tó kọ síbẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà, ó ga sókè díẹ̀ bí ẹni pé ó ń fò, òdòdó kan wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, òdòdó kan wà ní ìparí ẹ̀. Mo dá iṣẹ́ dúró. Mo ní, "Àǹtí kọ́pà, ta ló yà á fún yín?" Ó ní, "Kò sẹ́ni tó yà á, bùrọ̀dá. Mo kọ ọ́ ni." Ó wá fi hàn mí. Ojú ewé kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wàá kọ ọ̀rọ̀ ẹ sínú àlàfo kan, á sì gbé ọ̀rọ̀ kan náà jáde ní oríṣiríṣi: èyí tó kéré, èyí tó dorí kodò, èyí tó lọ́ mọ́ra bíi tàwọn akọ̀wé ayé àtijọ́. Èyí tó bá wù ẹ́, wàá mú un, wàá lọ lẹ̀ ẹ́ síbi tó o bá fẹ́. Mo ní, "Ẹ ní kí n lẹ̀ ẹ́?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ó ti tán, iṣẹ́ mi nìyẹn.

Ó ṣàlàyé fún mi pé kì í ṣe àwòrán o. Lẹ́tà gidi ni wọ́n, wọ́n ti kó wọn sínú fóònù gbogbo ayé, torí àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń ṣe ìṣirò àti àwọn tó ń kọ́ nípa èdè. Àwọn yẹn ni wọ́n ṣe é fún, àwa kàn ń yá a lò fún ẹ̀ṣọ́ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi débi pé mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ọlọ́kadà. Èmi tí mo sá kúrò nídìí ìṣirò ní kíláàsì kejì, lẹ́tà àwọn oníṣìírò wá ń ṣiṣẹ́ fún mi. Kọ́pà ní kí n kọ ohunkóhun tó bá wá sí mi lọ́kàn. Orúkọ ìyá mi ni mo kọ. Báyìí ló ṣe jáde: ✿ ᵇᵒˢᵉᵈᵉ ✿. Ẹ̀rọ náà ò mọ àmì abẹ́ lẹ́tà, ó gbá gbogbo ẹ̀ dànù, àmọ́ ìyá mi náà ni. Mo wò ó títí tí ọlọ́kadà fi bi mí léèrè bóyá táyà òun ti di ti ìlú.

Ìdí tó fi jẹ́ orúkọ ìyá mi ló wá sí mi lọ́kàn nìyí. Ahunṣọ ni ìyá mi. Òfì ẹ̀ nà ró mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa láti kí wọ́n tó bí mi, ìró apasà ẹ̀, pákó tó fi ń gbá òwú mọ́lẹ̀, ni mo kọ́kọ́ mọ̀ láyé, kí n tó mọ orúkọ ara mi. Gbogbo aṣọ tó bá hun, ní etí ẹ̀, á fi òwú pupa fa ìlà tín-ín-rín mẹ́ta sí i. Kò sẹ́ni tó ní kó fà á. Kò sẹ́ni tó ń san nǹkan kan lé e nítorí ẹ̀. Tó o bá kó ogún aṣọ jọ níwájú àwọn obìnrin àdúgbò wa, wọ́n á fa tiẹ̀ yọ láìwojú ẹni tó mú un wá. Nígbà tí ẹgbẹ́ ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá mi àti àwọn ahunṣọ mẹ́jọ yòókù nílùú ta aṣọ fún àwọn ará Àbújá àti àwọn tó wà lókè òkun, inú gbogbo wa dùn. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ló ń bójú tó o. Mo mọ akọ̀wé yìí dáadáa, orí bẹ́ǹṣì kan náà la jókòó sí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òun kàwé lọ, ó dé yunifásítì, ó ń gbé Àbújá. Èmi dúró. Á ya fọ́tò aṣọ, á gbé e sí gúrúùpù ìlú, á kọ sábẹ́ ẹ̀ pé: "Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá wa." Ó tán. Ọ̀rọ̀ owó kọ́ rárá, owó wọn ń pé. Òtítọ́ ni kí n sọ, ọkùnrin yẹn kì í jí nǹkan.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí kọ́pà yẹn wá, mo ti fi fọ́tò aṣọ tó hun han ìyá mi nílé lórí fóònù mi. Ẹnì kan tí a ò mọ̀ rí ti kọ sábẹ́ ẹ̀ pé Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ tó hun èyí. Mo kà á fún un. Ó dá òwú dúró. Ó ní, "Ṣé wọ́n mọ̀ pé èmi ni?" Mo ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ìyá wa ni. Ó ní, "Àwọn ìyá yín. Mélòó nínú wọn ló bá mi jókòó síbí?" Kò bínú. Ó gbá apasà mọ́lẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Ìbá bínú, ọkàn mi ìbá balẹ̀. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó ń fa ìlà mẹ́ta létí gbogbo aṣọ kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n, ẹnì kan wá gbé aṣọ náà dé ibi tí wọn ò ti mọ ìlà kankan.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, fọ́tò míì jáde. Mo rí ìlà pupa mẹ́ta náà. Mo mú orúkọ ìyá mi, mo lẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ẹ̀, kékeré, tòun ti òdòdó. Mo ṣáà rò ó pé bí ìlà etí aṣọ náà ni, kò gba ààyè, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí akọ̀wé fi dáhùn: "Ta ló da èèrà sí gúrúùpù?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó pa á rẹ́, torí òun ni ádímìn gúrúùpù. Mo tún un lẹ̀. Ó tún pa á rẹ́. Ó wá pè mí. Ó ní, "Tí mo bá kọ orúkọ ẹnì kan, àwọn mẹ́jọ yòókù ńkọ́? Ìjà lo fẹ́ dá sílẹ̀. Ti ẹgbẹ́ ni aṣọ." Mo ní, "Ẹgbẹ́ wo ló jókòó sídìí òfì?" Ó ní, "Fọkanáísà, ohun tó yé ẹ ni kó o máa sọ." Kó o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n takú nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ó ti bẹ̀ mí ni, bóyá mi ò bá ti fi í sílẹ̀ síbẹ̀, torí ọ̀lẹ ni mí. Àmọ́ ó ní kí n máa sọ ohun tó yé mi. Ìyá mi yé mi.

Ọgbọ́n tó kọ́kọ́ wá sí mi lórí, kí n sọ ọ́, ìwọ náà á rẹ́rìn-ín. Mo lọ síbi tí wọ́n ti ń yí orúkọ ẹni padà lórí Wasáàpù, mo yọ tèmi kúrò, mo lẹ orúkọ ìyá mi síbẹ̀, kékeré, tòun ti òdòdó. Mo ní kó dára, a ti fòfin de kíkọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò lè fòfin de orúkọ mi. Bí mo bá ti fi "Okun o", ìkíni tiwa níbí, kí wọn láàárọ̀ báyìí, orúkọ ìyá mi á jáde pẹ̀lú ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi kí gbogbo ayé. Mo kí wọn kú òjò, mo kí wọn kú oòrùn, mo kí ẹni tí iṣu ẹ̀ ta dáadáa ní Òkè-Bùkún, ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Mò ń rìn bí ẹni tó wọlé ìbò. Ọjọ́ kan ni ọlọ́kadà kan gbé fóònù ẹ̀ fún mi kí n wo nǹkan, mo wá rí ọ̀rọ̀ ara mi níbẹ̀. Ohun tó wà lókè ẹ̀ ni "Fọkanáísà Aláriwo." Gbogbo wọn ló ti kọ orúkọ mi sínú fóònù tiwọn tipẹ́, orúkọ tí wọ́n bá sì fún ẹ, ìyẹn ni fóònù wọn á máa fi hàn wọ́n. Èmi nìkan ni mo fi ọ̀sẹ̀ méjì rí òdòdó yẹn.

Ó yẹ kí n fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Dípò ẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ orúkọ náà sí ìdí ọ̀rọ̀ tí mo bá kọ, ibi tí òǹkọ̀wé ti máa ń bu ọwọ́ lùwé. Akọ̀wé ò lè pa gbogbo ìkíni rẹ́, àwọn èèyàn á ní ó gbéra ga. Ó kàn ń gbé àwòrán ojú tó ń yọ ooru sí mi, èmi náà á sì gbé òdòdó sí i. Bá a ṣe wà nìyẹn títí ìròyìn fi dé pé ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ní Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ pàdánù bàbá ẹ̀. Gbogbo èèyàn ń kọ ọ̀rọ̀ ìtùnú. Èmi náà kọ tèmi: "Ó mà ṣe o, Ọlọ́run á tù wá nínú." Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn lára, mi ò ronú rárá, mo lẹ̀ ẹ́ sídìí ẹ̀: ✿ ᵇᵒˢᵉᵈᵉ ✿. Mo fi fóònù sílẹ̀, mo sùn.

O mọ̀ bí wọ́n ṣe ń túfọ̀ òkú nílùú wa lórí Wasáàpù. Wọ́n á kọ orúkọ olóògbé, wọ́n á fi òdòdó yí i ká. Àwọn tí wọn ò wo lẹ́tà mi rí láti oṣù kan, wọ́n wò ó lọ́jọ́ yẹn.

Èmi wà lábẹ́ àtíbàbà mi láàárọ̀, mò ń fẹ́ táyà, oníbàárà kan dé, ó tẹjú mọ́ mi bí ẹni rí iwin. Ó ní, "Fọkanáísà, iṣẹ́ lo ń ṣe lọ́jọ́ tí ìyá ẹ kú?" Mo sọ ohun tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀, mo sáré délé. Èmi tí mo kọ ọ́ fúnra mi, mo gbà á gbọ́. Nígbà tí mo fi dé, àbúrò ìyá mi ti ti Ayétòrò gun ọ̀kadà dé, gèlè ẹ̀ wà lọ́rùn, ó ti ń sunkún bọ̀ láti oríta. Ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bá ìyá mi nídìí òfì. Ìyá mi wò ó. Ó ní, "Ta ló kú?" Àbúrò ẹ̀ fi gèlè nu ojú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní ẹ̀yin ni." Ìyá mi ní, "Wọn ò tíì sọ fún mi."

Èèyàn méje míì ló wá kí ọ̀sán tó pọ́n. Ìyá ìjọ gbé búrẹ́dì méjì wá. Bàbá kan tí ẹsẹ̀ ń dùn ún rìn wá láti ìsàlẹ̀ ọjà, nígbà tó rí i pé obìnrin náà wà láàyè, ó ní òun á ṣáà jókòó. Ìyá mi ní kí wọ́n pín búrẹ́dì náà kó má baà gan. Ó jẹ níbẹ̀. Mi ò rò pé o ti rí ẹni tó jẹ búrẹ́dì òkú ara ẹ̀ rí. Mo dọ̀bálẹ̀ síwájú ẹ̀ lójú gbogbo wọn, mo ní kó má bínú, ẹ̀bi mi ni, ẹ̀bi mi náà sì ni lóòótọ́. Àbúrò ẹ̀ ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan lọ́nà, eékún ẹ̀ ti bó. Ìyẹn ò pa mí lẹ́rìn-ín nígbà yẹn, kò sì tíì pa mí lẹ́rìn-ín báyìí.

Akọ̀wé pè mí láàárín gbogbo ẹ̀. Ó ní, "O ti pa ìyá ẹ tán. Ta ló kàn?" Mo ní, "Ìwọ lo kọ́kọ́ fi orúkọ ẹ̀ pamọ́." Ó ní, "Sọ pé o ò ní ṣe é mọ́, kí n lè ṣàlàyé fún àwọn èèyàn." Ẹ̀bi ẹkún àbúrò ìyá mi wà lọ́rùn mi, mo mọ̀. Àmọ́ ohun tó ní kí n sọ kì í ṣe pé kí n tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹni tí mo mú sunkún. Ó ní kí n má ṣe kọ orúkọ ìyá mi mọ́. Mo ní, "Mi ò sọ ọ́." Ó ní, "Ṣé ó dá ẹ lójú?" Mo ní, "Mo ti ní mi ò sọ ọ́." Kò pẹ́ tí fóònù mi sọ fún mi pé wọ́n ti yọ mí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, torí mi ò kàwé púpọ̀, mo fẹ́ kó dá mi lójú.

Nígbà tí àwọn èèyàn ti lọ, ìyá mi ní kí n mú ohun tó pa òun wá kí òun wò ó. Fóònù mi ti kú nítorí ìpè. Fóònù tiẹ̀ ló wà nítòsí, ògbólógbòó kan tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti lò títí tó fi sú u kó tó gbé e wá fún màmá. Mo wá ọ̀rọ̀ tí mo ti fi ránṣẹ́ sí òun náà ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo ṣí i. Ọlọ́run ló mọ bí ojú ṣe tì mí. Òdòdó kan jáde dáadáa, òdòdó kejì jáde dáadáa, àmọ́ ní àárín wọn kò sí lẹ́tà kankan. Àpótí kéékèèké mẹ́fà ló tò síbẹ̀: ▯▯▯▯▯▯. Fóònù náà ti dàgbà jù, kò ní irú lẹ́tà yẹn nínú, ohun tí kò bá sì ní, àpótí òfìfo ló máa ń fi dípò ẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá ṣọ̀fọ̀ ẹ̀, mo wá gbé àpótí mẹ́fà láàárín òdòdó wá bá a.

Ó gbé fóònù náà súnmọ́ ojú. Kò mọ̀wé púpọ̀, Bíbélì Yorùbá ló máa ń fi ìka tọ̀ ní ọjọ́ ìsinmi. Ó ní, "Orúkọ mi nìyí?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé rárá, pé fóònù ni, pé tó bá jẹ́ lórí tèmi ni. Kò gbọ́ mi. Ó ń fi ìka kà á. Ó ní, "Mẹ́fà ni." Ó tún kà á láti apá kejì. Ó ní, "Ó mọ́ tónítóní." Ó da fóònù délẹ̀, ó padà sídìí òfì ẹ̀. Mo rò pé ó ti tán níbẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin ni mo rí i. Mo ń kọjá lọ sẹ́yìnkùlé, mo bojú wo aṣọ tó wà lórí òfì. Ìlà pupa mẹ́ta wà létí ẹ̀ bó ṣe máa ń wà. Lábẹ́ wọn, pẹ̀lú òwú pupa kan náà, àpótí mẹ́fà, kékeré, òfìfo láàárín, wọ́n tò bí ọmọ ilé ìwé. Mo dúró. Ó ní kí n kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ òun. Mo kúrò. Mi ò rò pé mo ti láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí wọ́n bí mi. Ohun tí èmi ti ń lẹ̀ láti oṣù kan tí ẹnì kan ń pa rẹ́, ó ti hun ún wọnú aṣọ. Ádímìn wo ló fẹ́ pa ìyẹn rẹ́? Tó bá fẹ́ kó kúrò, àfi kó fi abẹ́ gé etí aṣọ, kò sì sẹ́ni tó ń ra aṣọ tí wọ́n gé létí.

Aṣọ náà bá àwọn yòókù lọ sí Àbújá. Òmíràn tẹ̀ lé e, àti òmíràn. Gbogbo wọn ló ní àpótí mẹ́fà. Èmi ò sí nínú gúrúùpù, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, àfi ohun tí àwọn oníbàárà bá gbé wá fún mi. Ọ̀kan sọ fún mi pé àwọn tó ń ra aṣọ ti ń béèrè "èyí tó ní àpótí", pé wọ́n fẹ́ mọ ìtumọ̀ ẹ̀. Mo ń fẹ́ táyà lọ́wọ́. Mo kàn fẹ́ ẹ ju bó ṣe yẹ lọ.

Nígbà àjíǹde, akọ̀wé wálé, ó wá sílé wa. Ó wọ aṣọ funfun, ó gbé ìwé kékeré kan dání. Kò kí mi, àbí ká sọ pé ó fi àgbọ̀n kí mi. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi dáadáa, ó ní, "Màmá, okun o." Ìyá mi ní, "Okun, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà lẹ wà?" Wọ́n kí ara wọn títí. Lẹ́yìn náà ó ṣí ìwé ẹ̀, ó ní, "Màmá, àwọn oníbàárà wa fẹ́ mọ ohun tí àmì etí aṣọ yín yìí dúró fún. Àwọn kan ní oko ni, àwọn kan ní ilé ni. Mo fẹ́ kọ àlàyé ẹ̀ sábẹ́ fọ́tò." Ìyá mi ò gbójú sókè kúrò lórí òwú. Ó ní, "Orúkọ mi ni."

Akọ̀wé wò mí. Mò ń wo àjà. Ó ní, "Màmá, orúkọ yín?" Ó ní, "O ní o fẹ́ kọ ìtumọ̀ ẹ̀ síbẹ̀. Ìtumọ̀ ẹ̀ nìyẹn. Kọ ọ́." Ó ní, "Àwọn ìyá yòókù ńkọ́? Wọ́n á ní a gbé yín ga jù wọ́n lọ." Ìyá mi ní, "Ṣé wọn ò lórúkọ ni? Ní kí wọ́n hun tiwọn." Ó pẹ́ kó tó mú bírò. Mo rí i tó kọ ọ́, ní lẹ́tà ńlá, gbágbá, bí ẹni kọ ọ́ sára àpò sìmẹ́ńtì. Mo ní kó kọ ọ́ kékeré, kó fi òdòdó sí i. Ó ní kí n má dán òun wò. Nígbà tó ń jáde, ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó ní òun lè dá mi padà sínú gúrúùpù tí mo bá lè ṣèlérí. Mo bi í pé ìlérí kí ni. Ó mi orí, ó lọ. Látìgbà yẹn, orúkọ obìnrin mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló wà lábẹ́ aṣọ wọn. Èmi ò sì tíì padà.

Mo ti rò ó púpọ̀, bí mo bá jókòó tí táyà ò sí. Mi ò ṣe nǹkan ńlá. Lẹ́tà tí mo lò kì í ṣe tèmi, àwọn oníṣìírò ló ni ín. Mo pa ìyá mi lẹ́ẹ̀kan, mo mú kí eékún àbúrò ẹ̀ bó, mo fi ọ̀sẹ̀ méjì kí ìlú lásán. Àmọ́ nígbà tí ẹni tó kàwé jù mí lọ ní kí n máa sọ ohun tó yé mi, mo sọ ọ́ bó ṣe kéré tó, mo sì ń tún un sọ. Nǹkan kékeré létí nǹkan ńlá, èèyàn lè pè é ní èèrà. Kó máa pè é bẹ́ẹ̀. Tó bá ti wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, ọjọ́ kan á dé tí wọ́n á béèrè ìtumọ̀ ẹ̀, ẹni tó ni ín á sì dáhùn fúnra ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí akọ̀wé lọ yẹn, ìyá mi pè mí wá sídìí òfì. Ògbólógbòó fóònù ẹ̀ wà lórí itan ẹ̀, ó ti ṣí i síbi àpótí mẹ́fà yẹn, ó sì na òwú pupa lọ́wọ́. Ó fi ojú rẹ́rìn-ín, ó fi ìka lu ojú fóònù náà. Ó ní, "Fi èyí tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ mi hàn mí nínú wọn. Mi ò fẹ́ máa hun ún sódì."